Ẹ Máa Ń Pàtẹ́wọ́ fún Bọ́ọ̀lù Tó Ṣìnà

Dádì mi tí mo fẹ́ràn jù,

Inú ń bí mi, ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn tí mo ń bínú sí. Ẹ forí jì mí pé mo sọ ọ́ báyìí.

Kóòṣì ti gba ipò mi fún Déjì, ọmọkùnrin àdúgbò Beam Park yẹn. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀ eré béèsìbọ́ọ̀lù wa báyìí, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn tó mú igi dání, èmi á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìdí? Tí Déjì bá bẹ̀rẹ̀, a máa ń borí. Témi bá bẹ̀rẹ̀, a máa ń pàdánù. Ó parí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù nìyẹn? Wọ́n ń gbá ti Déjì kọjá ọgbà, àmọ́ àwọn tiwa ń gbá tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi, ẹni tó mú igi á kàn fara kàn án, bọ́ọ̀lù á rọra yí lọ bá ẹni tiwa, ẹni tiwa á jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn da ọbẹ̀ nù, ẹni tó sè é ni wọ́n ń bú! Ọwọ́ kan ò ṣáà gbẹ́rù dórí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Kóòṣì ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù tó gùn jù.

Mo wá ń wá ẹni tí mo lè bi bóyá mo tiẹ̀ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ̀yin ni mo rántí, inú tún bí mi. Ẹ ò mọ nǹkan kan nínú eré yìí, Dádì! Ẹ máa ń ti ibi iṣẹ́ òru ní Creekmouth wọ bọ́ọ̀sì wá tààrà, ẹ óò jókòó sẹ́yìn wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà yí pápá ká, pẹ̀lú fláàsì ògì yín. Tí bọ́ọ̀lù mi bá ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọ́n ní kí ẹni tó mú igi máa rìn lọ lọ́fẹ̀ẹ́, tó jẹ́ àdánù fún wa, ìgbà yẹn gan-an lẹ óò dìde, ẹ óò pàtẹ́wọ́, ẹ óò ké Halelúyà bí ẹni tó wọ sùtánà. Lójú yín, ẹni tí kò rí bọ́ọ̀lù gbá, mo ti ṣẹ́gun rẹ̀. Rẹfirí á yíjú wò yín. Mo ṣàlàyé fún yín nínú bọ́ọ̀sì títí a fi dé Goresbrook. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Halelúyà náà ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi rárá, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni?

Lánàá, Déjì ló bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ a pàdánù. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù Déjì títí ó fi sú u, Kóòṣì wá ní kí n bọ́ sí pápá. Mo jù ú dáadáa. Ẹni méjì gbá afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi lé wọn jáde. Ọwọ́ mi wá yẹ̀ sí ẹnìkẹta. Bọ́ọ̀lù ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ju igi sílẹ̀, ó ń rìn lọ.

Mo dúró. Mo wo ẹ̀yìn wáyà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ó ti pẹ́ tí a ti sin yín, Dádì, àmọ́ ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ ti lọ.

Èmi ọmọ yín,
tó ṣì ń wo ẹ̀yìn wáyà.