Kí Ṣọ́ọ̀kì Tó Kúrò Lọ́wọ́ Ẹni

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nítorí pé mo ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìwọlé, ọdún kejì ẹ̀ka ìṣirò ní yunifásítì ni wọ́n fi mí sí tààrà. Oríire ńlá, wọ́n ní. Àwọn tó kù ti jọ wà láti èṣí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí mi ò mọ̀, èmi náà rọra ń fẹyín. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tèmi. Kò sẹ́ni tó bá mi dù ú.

Olùkọ́ ìṣirò wa — Màmá Nítorí-Kí-Ni ni mo sọ ọ́ — kì í bèèrè ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ni mo mọ̀ ọ́n wá láti kékeré! Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìdáhùn sójú pátákó, ó ní ká wá fi ẹ̀rí hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹnì kan ní ó hàn gbangba. Màmá ní, ta ló hàn sí?

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Mo dá jẹun. Mo fọ abọ́ kan, síbí kan.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Èmi ni Màmá Nítorí-Kí-Ni kọ́kọ́ pè sídìí pátákó. Mo kọ ọ́ fìà-fìà, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo dáńtọ́. Ìgbà tí màá fi dé ìlà ìsàlẹ̀ — ení àti èjì dọ́gba! Èmi tí mo gba máàkì rẹpẹtẹ. Mo dúró. Òógùn sọ ṣọ́ọ̀kì di ẹrẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bojú wẹ̀yìn: gbogbo wọn ń wò mí, ẹnikẹ́ni ò fọhùn. Ó hàn lójú wọn pé wọ́n ti rí àṣìṣe mi. Àsìkò kíláàsì tán, wọn ò dìde. Màmá náà káwọ́ gbera. Ṣé ìran ni mí ni? Mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo gbé báàgì, mo sá jáde.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti wá rí i, lẹ́yìn tí mo sunkún tán. Mo fi nǹkan kan pín ọ̀tún àti òsì àmì ìdọ́gba, mi ò bi ara mi bóyá òdo ni nǹkan náà. Òdo ni. Ọmọ pírámárì pàápàá mọ̀ pé a kì í fi òdo pín nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Màámi pè. Mo ní ara mi le. Ó ní ohùn mi ò jọ ti ẹni tára ẹ̀ le. Mo bá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní, “Ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ tún ń wá ẹ̀rí sí i? Ṣé kóòtù lẹ wà ni?” Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún ló tẹ̀ lé e.

Ó ní kí n lọ bá ọmọ àǹtí mi ní ẹ̀ka akáńtì, ó kéré tán màá rẹ́ni bá jẹun. Tó bá ti di aago mẹ́rin Ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì kò ní gba ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ka mọ́. Mo ṣèlérí pé màá lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Mi ò lọ sí kíláàsì. Mo gbá yàrá, mo tún un gbá. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Mo ní kí n jókòó sí kíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó gba ọ́fíìsì lọ. Kí n dágbére fún fèrèsé mi.

Agùntáṣọọ́lò ni Màmá pè — bọ̀bọ́ tó máa ń jókòó síwájú mi, tí kì í jẹ́ kí n rí pátákó. Ó kọ, ó kọ, ó dúró. Mo rí àṣìṣe ẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ohun tí wọ́n ní kó wá ẹ̀rí sí gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀, bíi pé ó ti jẹ́ òótọ́. Mo lanu. Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ tọ́ mi, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: “Ṣọ́ọ̀kì ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Á rí i fúnra ẹ̀. A kì í dá sí i, a kì í sì í fi í sílẹ̀ lọ.” Ó wò mí. “A dúró dè ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo sá.”

Àsìkò kíláàsì tán. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Báàgì mi ti wà léjìká. Òdìkejì ọgbà ni ọ́fíìsì wà, tí mo bá sáré màá bá wọn. Òógùn ti bo ẹ̀yìn ọrùn Agùntáṣọọ́lò. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ rí, àyà mi sì ń já nítorí ẹ̀. Padà sókè, mò ń sọ nínú ọkàn mi, wo ìlà àkọ́kọ́, jọ̀ọ́. Aago ara ògiri kọjá mẹ́rin. Mo gbé báàgì sílẹ̀.

Ó rí i. Ó nu gbogbo ẹ̀ nù, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó parí ẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ. Mo dá sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo sì tún dá jẹun.

Màámi pè. Ṣé mo ti lọ? Mo ní mi ò lọ, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ó ní kí ló dá mi dúró.

Mo ní ẹnì kan wà nídìí pátákó ni, mà, mi ò lè fi í sílẹ̀.