Ọmú Kan Tó Kù

Ugbonla,
Oṣù Kọkànlá, 1957.

Ṣìkẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo sì kí Àǹtí Moríkẹ́, àbúrò bàbá rẹ, tí wọ́n gbà ọ́ sílé ní Araromi. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú ara líle. Ara tèmi náà le. Bó ṣe le tó gan-an ni mo fẹ́ sọ, ojú sì ń tì mí. Má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́: n kò lè gbé irú èyí fún Tísà Lawrence kó bá mi kọ ọ́ bó ti máa ń ṣe.

Iṣẹ́ tí o rán Kọ́lájọ ọlọ́kọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. O ní torí pé n kò fẹ́ ọkọ tí o mú ni mo ṣe ní kí Àǹtí rẹ súre fún ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Háà, Ṣìkẹ́mi! Kí ni Ọlọ́rundáre fi ṣe mí? Ọmọ tó ń gbé ẹja wá kí mi kó tó gbé e fún ìyá tirẹ̀! Ọ̀rọ̀ náà kò kàn án rárá. Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe nílé wa: nínú yàrá, kí ìyàwó tó wọ ọkọ̀, ìyá rẹ̀ á di ọmú méjèèjì tó fún un mu dání, á sì fi súre. Ṣìkẹ́mi, n kò ní méjì mọ́.

Nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí mo ní mò ń lọ ta edé l'Ékòó, tí mo pẹ́ débi tí ẹ fi rò pé mo ti gbàgbé yín, ilé ìwòsàn ni mo wà. Jẹjẹrẹ ló mú mi lọ́mú òsì. Wọ́n gé e kúrò. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀, ó sì mú un lọ sí sàréè.

Wọ́n ní ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́, àmọ́ ohun tó mú lọ lára mi kì í ṣe fìlà. Nídìí ààrò edé, tí ooru bá mú, àwọn obìnrin yòókù á ró aṣọ mọ́dìí; èmi nìkan ni mo máa ń wọ bùbá, tí mo ká àkísà sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ mí ní Ìyá Òyìnbó. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, òógùn á bò mí.

Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo rò pé ọjọ́ ikú ni yóò dá fún mi. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí ni mo tó lọ. Ó yẹ̀ mí wò títí, ó ní: "Ìyá, n kò rí i mọ́. N kò lè búra fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn yìí kò bá padà sí lára fún ọdún mẹ́sàn-án, mo máa ń sọ fún un pé kó múra láti darúgbó." Ojú tì mí níwájú rẹ̀. Gbogbo ọdún yìí ni mo fi ń retí ìsìnkú ara mi, n kò sì jẹ́ kí ọmọ mi gbá mi mọ́ra. Lọ́jọ́ tí o sáré wá dì mọ́ mi ní èbúté, tí mo fi agbọ̀n dí àyà, mo rí bí ojú rẹ ti rí.

Mò ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó súre fún ọ. Bí àwọn ìyàwó ilé bá fẹ́ wò mí, kí wọ́n wò. Ojú á tì mí, ṣùgbọ́n n ó ṣe é.

Omi kò ní gbé ọ lọ, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ yóò gbọ́mọ, wàá sì rí wọn dàgbà bí mo ti rí ọ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Àrìnpé.

Àfikún: Kọ́kọ́ wá sí Ugbonla kí ọjọ́ náà tó pé. Ìwọ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí àyà mi. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ọmú òsì lo máa ń wá. Bí mo bá fi ọ̀tún fún ọ, o ó tì í dànù. Jọ̀wọ́, má tì í lọ́tẹ̀ yìí.