Àbàmọ́dá Ojú Fèrèsé

Lọ́ńdọ̀nù,
Oṣù Keje, 1996.

Bàbá Olúgbádé, ọkọ mi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ará Ìsùàdà. Ara mi le. Orúnkún kò tilẹ̀ dùn mí mọ́, àfi bí mo bá gun àtẹ̀gùn, bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, tàbí bí mo bá fẹ́ dìde. Ọmọ tí mo wá bá Olúgbádé tọ́ ti ń rìn. Èmi ló kù.

Màmá òyìnbó ìsàlẹ̀ wa gbin àbàmọ́dá sínú ìkòkò, ó gbé e sí ojú fèrèsé ẹ̀bá àtẹ̀gùn. Òdòdó ló pè é. Bó bá ti wọlé, mo ń já ewé kan, mo ń mú un gbóná lórí sítóòfù, mo sì ń fi í di orúnkún. Kí Olúgbádé má gbọ́ o. Ó rò pé oògùn tí òun rà ló ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá náà kan ilẹ̀kùn. Àṣé ó ti ń wò mí látọjọ́ yìí. Mo ní ọ̀ràn dé, wọn yóò dá mi padà sílé. Kí n má purọ́, kò bà mí nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Ó jókòó, ó ká aṣọ sókè, ó na ewé kan sí mi. Orúnkún tirẹ̀ wú ju tèmi lọ.

Láràárọ̀ la jọ ń di ewé báyìí. N kò gbọ́ èdè rẹ̀ tán, kò gbọ́ tèmi rárá, ṣùgbọ́n ìkérora wa bára mu.

Ẹ bá mi kí Veronica àbúrò mi. Ẹ máa bomi rin àbàmọ́dá ẹ̀yìnkùlé wa dáadáa kí n tó dé. Ewé tibí ti tán, ó ku igi lásán.

Èmi ni aya yín,
Agatha