Bàtà Iléyá Mi

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ bàtà ní Mushin. Ara mi le koko. Ìwádìí mi ti yọrí: kọ̀ǹpútà ń wo ìrísí ẹsẹ̀ èèyàn, ẹ̀rọ wa á sì fi ike ṣe irú ẹsẹ̀ náà gẹ́lẹ́, tòun ti bàtà lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tèmi ni ọ̀gá mi ní ká kọ́kọ́ ṣe, ká parí ẹ̀ kí n tó wọ ọsibítù lọ́jọ́ Jímọ̀. Egbò ọjọ́sí yẹn ni; dókítà ní ó ti ń ràn gòkè nínú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ má mikàn.

Ẹ ní kí n ya ẹsẹ̀ mi méjèèjì sórí pépà fún bàtà Iléyá. Òsì nìkan ni mo yà. Ẹ má rán ọ̀tún, kí awọ má baà ṣòfò.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń rìn dáadáa.

Saidat yín