Bàbá, Ẹ Má Wọ Ọkọ̀ Láwàní

Èmi Sẹ̀míù, akọ̀wé ní Kútọnu, ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu Àlàbí, ọmọ àgbẹ̀ ará Banigbé ní Ìfọ̀nyìn, tí kò mọ̀wé. Ó ní kí wọ́n kà á sókè lọ́jà Banigbé kí gbogbo èrò gbọ́. Kí ẹni tó bá gbà á nídìí ọkọ̀ ojú irin ní Sákẹ́tẹ́ jọ̀wọ́ sáré gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ọmọ yín dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú oko ẹ̀gẹ́. Mo kí Ìyá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ ní kí n má lọ. Agídí tí mo jogún lára yín ni mo fi lọ. Òjò ibí kò dá, yàrá mi ń rùn fún iyọ̀ òkun, kò sì sí ẹni tó ń ki oríkì mi láàárọ̀.

Iṣẹ́ wa ni kí á fi iná na irin ọkọ̀ tó ti forí sọ. Òyìnbó tó ni gáràjì lọ sílé lẹ́yìn òmìnira, Rafíù, ọ̀gá mi, sì gba ẹ̀rọ iná rẹ̀. A ó jó irin náà títí yóò fi pọ́n bí ẹyìn, a ó fi jáàkì tì í padà díẹ̀díẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí omi kàn án.

Níjẹta, Láwàní, ṣọfẹ́ẹ̀ tó ń wakọ̀ kó èrò ọjà Banigbé, gbé kámíọ̀ rẹ̀ wá. Ó ti kọlu igi, irin tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ sì ti wọ́. Ọ̀gá kò sí nítòsí nígbà tí mo nà án tán. Láwàní ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú, ṣé irin ni mò ń nà ni àbí ẹní. Mo rántí alágbẹ̀dẹ wa, tó ń ki ọkọ́ gbígbóná bọ omi kó lè le. Mo bu omi, mo dà á sí i. Irin náà tọ́ gbọnrangandan. Láwàní yìn mí, ó wa ọkọ̀ lọ.

Lánàá ni mo sọ ọ́ fún ọ̀gá, bí ẹni ń yangàn. Kò lù mí. Ó bi mí bóyá oko ni mo fẹ́ fi kámíọ̀ ro. Ó jó irú irin bẹ́ẹ̀ kan, ó da omi sí i, ó ní kí n fi òòlù lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lù ú. Ó dá sí méjì bí egungun adìẹ.

N kò tíì jẹun láti ìgbà náà. Ọ̀la ni ọjà. Mo mọ̀ yín, ẹ̀gbẹ́ ṣọfẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń jókòó, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí ẹ bọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá àti èmi ń gba títì lọ wá Láwàní lónìí. Lẹ́tà yìí ń gba ojú irin, bóyá òun ni yóò kọ́kọ́ dé.

Bàbá, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ jókòó sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà. Kí Láwàní bú yín títí, ẹ má dìde. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ba irin rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ọ̀gá.

Kí Ògún má fi ọwọ́ mi ṣe ilé wa ní ibi. Kí ẹ̀mí yín gùn. Mo kí gbogbo agboolé, mo kí gbogbo èrò ọjà. Kí n dé bá yín lórí ilẹ̀ náà, kí ẹ ṣì jókòó.

Èmi ni ọmọ yín, Àlàbí.
Àmì ọwọ́ rẹ̀: X

Ẹlẹ́rìí: Rafíù, ọ̀gá rẹ̀, tó ní kí n kọ ọ́ pé ẹ̀bi náà kan òun.
Ẹlẹ́rìí: Kọfí, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.