Igi Tí Ẹ Ní Kì í Ṣe Idà

Bàbá mi, ẹni tó máa ń kí ará ọ̀nà kí wọ́n tó kí i,

Ẹ fara balẹ̀ níbi tí ẹ wà o, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, n kò sì ní sọ ọ́ tán kíá. Ẹ mọ̀ pé n kì í lè pa ọ̀rọ̀ dídùn mọ́nú, àmọ́ ẹ̀yin náà ti fi ìtàn gígùn dá mi dúró rí lọ́pọ̀ ìgbà. Okùn kọ́kọ́rọ́ yín ti wà lọ́rùn mi báyìí. Ó dọ̀tí gan-an, mi ò sì fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ilé ọnà wa, mùsíọ́ọ̀mù kékeré tí ẹ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ewú fi bo orí yín, ṣì wà ní ṣíṣí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n tì í pa. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń gbá iwájú rẹ̀ láàárọ̀, tí ẹ ó fi ìwé ìròyìn àti omi nu dígí, tí ẹ ó wá jókòó lórí àga onírin yẹn, tí ẹ ó máa pe gbogbo ẹni tó ń kọjá pé kí wọ́n wọlé, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kí yín, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ilé òrìṣà ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìyá ìjọ wa máa ń sọdá sí òdìkejì títì ni. Àwọn Alhaja tó ń ta aṣọ láàárín ìlú náà kì í yà síbẹ̀.

Ta ló tún wá dá kún ẹ̀rù wọn? Èmi ni, Bàbá. Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀, tí yunifásítì ṣì ń gùn mí, èmi ni mo kọ káàdì sí ara gbogbo nǹkan. Igi pẹlẹbẹ gígùn yẹn, tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, tó wà nínú àpótí onídígí tó kọjú sí ilẹ̀kùn, mo fi òyìnbó kọ ọ́ sí i lára pé idà àwọn àwòrò ni. Ẹ ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún yín, torí Bíbélì Yorùbá nìkan lẹ lè kà. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ mi orí. Ẹ ní kì í ṣe idà, pé irú rẹ̀ ni ìyá yín fi ń gbá òwú mọ́ra lórí òfì ní Iyere. Ẹ ní kí n wo etí rẹ̀, òwú ti fi ojú ìlà síbẹ̀.

Mi ò wò ó. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi. Èmi, ọmọ tí ẹ fi owó oṣù ẹ̀ṣọ́ rán níwèé! Ṣé ó dùn yín? Ẹ ò tún mẹ́nu kàn án mọ́ láéláé, àmọ́ ní gbogbo àárọ̀ ni ẹ ń nu dígí náà, ti òun ti irọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Lẹ́yìn tí a sin yín, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé náà ní kí n wá bí ará ìlú yóò ṣe máa wọlé. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Bí èrò kò bá wá, wọ́n á kó gbogbo nǹkan sínú àpótí, wọ́n á sì máa fi gbọ̀ngàn náà háyà fún ìnáwó. Mo gun ọ̀kadà dé Idogun, mo dé Ijagba, mo kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo kéde ní mọ́sálásí, pé kí olúkúlùkù mú ohun àtijọ́ kan láti ilé rẹ̀ wá, kó wá sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ní Sátidé àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́ta ló wá. Ọ̀kan nínú wọn, omi ló wá bèèrè. Ní èkejì, òjò nìkan ló wọlé.

Àárọ̀ Sátidé kẹta, mo ń fi ìwé ìròyìn nu dígí bíi tiyín. Ojú mi sún mọ́ ọn jù, mo bá rí wọn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, láti ìdí dé ẹnu igi náà. Bàbá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sunkún. Nígbà tí mo dìde, mo fa káàdì mi ya. Mo gbé àpótí náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé àga yín tì í, mo sì fi Yorùbá kọ ọ́ sórí páálí: Ta ló mọ èyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ wa.

Kò pẹ́ tí màmá àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin fi sọ̀ lórí ọ̀kadà níwájú wa. Iyere ni wọ́n ti ń bọ̀, ọjà ni wọ́n ń lọ. Ọmọ rẹ̀ ka páálí náà fún un. Màmá wo inú dígí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́.

“Háà! Ẹ wo uṣẹ́ wa! Ta ló lọ ti uṣẹ́ wa mọ́ ibẹ̀?”

Irinṣẹ́ wọn ló ń pè bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló ní kí ọmọ rẹ̀ padà sílé lọ mú tiwọn wá. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àga yín, ó sì gba iṣẹ́ yín ṣe, ó ń pe gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ẹni tó bá pè nínú wọn, kò jẹ́ kó kọjá! Ọmọ rẹ̀ padà dé pẹ̀lú igi kan tó fi aṣọ wé. A gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ìbejì ni wọ́n, ìlà etí wọn pàápàá jọra. Màmá ń fi ọwọ́ hun aṣọ tí kò sí níbẹ̀ hàn wá, Alhaja kan sọ ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń wò, àwọn ìyá ìjọ sọdá títì. Wọ́n sọdá, Bàbá! Ni kálukú bá ń sáré lọ sílé. Ìkòkò dé, àpótí aṣọ dé, ẹnìkan gbé ilẹ̀kùn bàbá bàbá rẹ̀ dé. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ máa fi dé lọ́sàn-án, wọn kò rí ibi jókòó. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ háyà mọ́.

Gbogbo Sátidé ló ti ń kún báyìí. Mo ti kọ káàdì tuntun sí i. Ó ní igi tí ìyá kan fi ń gbá òwú lórí òfì ni, àti pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé yìí ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Bí ẹ bá yà síbẹ̀, ẹ ò ní nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Èmi ni,
ọmọ yín, tó ti wá wo etí igi náà.