Ọwọ́ Mi Nínú Fọ́tò Ayọ̀mikún

Ìjàyè, lọ́nà Mòníyà.

Tìmílẹ́hìn, Àlàó mi,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Kánádà kò mú ọ jù? Ọlọ́run tó sìn ọ́ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àlàáfíà la wà nílé, àgbàdo ti yọmọ, òjò sì ń rọ̀ déédéé.

Ohun tí wọ́n ń pè ní sípọ́ńsọ̀, bó ṣe yé mi nísinsìnyí, ni pé kí ẹni tó ti ríbi jókòó sí lókè òkun ṣe onígbọ̀wọ́ fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kí ìjọba ibẹ̀ lè gbà wọ́n wọlé. Nígbà tí Sàníù ayàwòrán, tó ń bá wa fi àwọn ìwé náà ránṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mòníyà, kọ́kọ́ sọ ọ́, inú bí mi, torí lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tí ọlọ́pàá mú ni wọ́n ń wá onígbọ̀wọ́ fún. Mo bi í pé kí ni Ọmọ́tọ́lá ìyàwó rẹ jí. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá Agbẹ̀bí, ó ní wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé tọkọtaya ni ìwọ àti Ọmọ́tọ́lá lóòótọ́ ni, kí a kó ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ ń kọ síra yín lórí fóònù wá. Mo ní kí ìyàwó wa yọ ibi tó ti bínú sí ọ kúrò, kí òyìnbó má baà rí i. Sàníù ní kó fi í síbẹ̀, ó ní ìjà yẹn gan-an ni wọ́n máa fi gbà pé ẹ fẹ́ra yín.

Mo gbọ́ pé o ń bá Ọmọ́tọ́lá jà nítorí fọ́tò Ayọ̀mikún ọmọ yín tí ìjọba Kánádà dá padà. Má bá a jà mọ́. Èmi ni.

Sàníù tẹ́ aṣọ funfun, ó ní kí a tẹ́ Ayọ̀mikún sí i, kí ó lajú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ní kò ṣeé ṣe. Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ̀bí ní ìjọ wa, mi ò gbé ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le sílẹ̀ láì fọwọ́ ti orí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọrùn nìkan kọ́. O kò lè rántí àbúrò rẹ, Ìmọ́lẹ̀olúwa. Orí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ la tẹ́ ẹ sí títí bàbá yín fi ti oko dé, kí wọ́n lè rí i ká tó sin ín. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Torí náà mo ki ọwọ́ mi sábẹ́ orí Ayọ̀mikún, mo ní kí Sàníù yà á bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí òyìnbó bá rí ọwọ́ àgbàlagbà níbẹ̀, yóò mọ̀ pé ọmọ yìí nílé. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọn kò fẹ́ rí gan-an nìyẹn.

Lánàá, a padà lọ kí Sàníù lè ya òmíràn láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀. Mo dúró síta, mo kẹ̀yìn sí wọn, mo ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń bá fáànù òkè àjà sọ̀rọ̀. Sàníù tẹ kọ̀ǹpútà, ó ní fọ́tò ti dé Kánádà. Mo wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀, mi ò rí i pé ó kúrò. Mo ní kó tún un tẹ̀ dáadáa. Ó tún un tẹ̀ nítorí mi.

Bí wọ́n bá lọ, èmi nìkan ló kù nínú ilé yìí. Mi ò ní kí wọ́n má lọ. Ìkòkò kékeré ni mo ti ń lò báyìí, kó lè mọ́ mi lára.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí Sàníù, kó bá mi fọ fọ́tò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n dá padà. Wọn kò fẹ́ ẹ. Èmi fẹ́ ẹ.

Ilẹ̀kùn tí o bá kàn yóò ṣí fún ọ. Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbà ọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìwọ náà yóò gbé ọmọ rẹ, àmín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, ọmọ náà á ti sùn, ọmọ tó sùn kì í sì í gbé orí ara rẹ̀. Kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì gba orí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí o tó fi ọ̀tún gba ìdí rẹ̀. Má jẹ́ kí Ọmọ́tọ́lá jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ yóò fi wà níbẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ.